Ẹranko Tí Ń Gbé Afẹ́fẹ́ Mì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín o, ọmọ Yorùbá lè jẹ́ àjèjì láàárín Yorùbá. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu tí kò sí ẹni tó máa ka àwọn ọmọ Odùduwà tí kò ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹnubodè ni Kétu wà, ní ìlú tí àwọn Faransé ti jọba rí. Faransé la fi kàwé, búrẹ́dì gígùn tó le là ń fi mu kọfí láàárọ̀. Ọdún tí wọ́n tún ẹnubodè ṣí ni mo wá sí Ìbàdàn, mo sì rò pé bí ìgbà tí èèyàn ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa rí.

Ọjọ́ tí mo dé Agbowó gan-an, mo gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo kúnlẹ̀ kí gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Obìnrin kan wò mí látòkè délẹ̀.

"Áà, ẹ̀yin Àgànyìn náà ti ń gbọ́ Yorùbá báyìí?"

Àgànyìn! Èmi! "Ẹ dákun, mà, Kétu ni mo ti wá," mo ní.

"Ẹ̀hẹ́n," wọ́n ní, "Àgànyìn Kétu."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo gbé garawa òfìfo padà sí yàrá, òùngbẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́ náà. Ará Ìbàdàn! Bí wọ́n bá ti sọ èèyàn lórúkọ, kó máa jẹ́ ẹ ló kù. Obìnrin yẹn náà ló sì padà di ìyá mi nílùú yẹn. Màmá Rẹ̀bẹ́kà là ń pè wọ́n, yàrá wọn kọjú sí tèmi, ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, agogo àdúrà wọn ló ń jí mi láràárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n pọn omi kún garawa wá kan ilẹ̀kùn mi. "Ìbínú ò ṣe é sè jẹ," wọ́n ní, "gba omi."

Búrẹ́dì àwọn ará Ìbàdàn nìkan ni mi ò lè dárí jì. Ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rà á, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wú padà, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Omi yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan.

Iṣẹ́ tó gbé mi wá nìyí. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Ring Road tí wọ́n ti ń ṣe ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé. Olóòtú àgbà ibẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tó ti kọ́ni ní yunifásítì títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Bódìjà. Dókítà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Dókítà fẹ́ ṣe ìwé Yorùbá kan lórí àwọn ẹranko tí àwọn òyìnbó yà sínú ìwé àfọwọ́kọ láyé àtijọ́, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dáyé, nígbà tí wọ́n ń fi awọ àgùntàn ṣe tákàdá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ya àwọn ẹranko yẹn kò rí wọn rí. Wọ́n kàn gbọ́ nípa wọn ni. Ìdí nìyẹn tí àwòrán wọn fi ṣàjèjì débi pé ẹni tó ni ẹranko nínú igbó rẹ̀ lè wò ó kó má mọ̀ ọ́n. Dókítà fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí wọn, kí orúkọ Yorùbá tó tọ́ sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ńlá kan tó kún fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti Páríìsì dé, ṣùgbọ́n Faransé ni gbogbo àlàyé rẹ̀. Wọ́n wá ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé, tó gbọ́ Yorùbá, tó sì mọ àwòrán yà. Ta ni wọn ìbá rí bí kò ṣe èmi?

Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Ọmọ Kétu," wọ́n ní, àwọn nìkan ni kì í pè mí ní Àgànyìn, "àwọn ọ̀gá ò fẹ́ kí n gba ẹni tó ti ẹ̀yìn ẹnubodè wá síṣẹ́ pípẹ́, àfi tó bá mọ ohun tí ọmọ ilé ò mọ̀. Faransé nìkan ò tó, mo lè rí olùkọ́ Faransé he nínú yunifásítì. Bá mi fún gbogbo ẹranko yìí lórúkọ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè já ní koro. Tí ìwé yìí bá yege, iṣẹ́ di tìrẹ, ìwé ẹyẹ ló kàn. Tí a bá ṣi orúkọ pè, ó dìgbà."

Nílé ńkọ́? Bàbá mi ni ọ̀gá iléèwé ní Kétu, wọn ò sì fẹ́ kí n lọ rárá. "Tí ìwé yẹn bá ti parí, máa bọ̀," wọ́n ní. "Mo fi kíláàsì kan sílẹ̀ dè ọ́." Èmi sì rèé, mi ò fẹ́ kíláàsì. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi sára ìwé. Ẹ lè pè é ní ìgbéraga, mo gbà.

Àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ jẹ́ ẹranko kan tó létí bí ajá, tó nírun lọ́rùn, tí ẹsẹ̀ èèyàn méjì yọ lẹ́nu rẹ̀. Làmídì, ẹgbẹ́ mi tó ń ya àwọn ojú ìwé sí fíìmù, wá dúró lẹ́yìn mi.

"Àǹtí Àgànyìn, ajá ta lèyí?"

"Ọ̀nì ni."

"Ọ̀nì onírun! Ẹ gbà mí o! Ọ̀nì Kétu nìyẹn, kì í ṣe tiwa."

"Làmídì, fetí sílẹ̀. Ká ní o ò rí ọ̀nì rí. Mo wá sọ fún ọ pé ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní eyín wọ̀ǹwọ̀, ó ń gbé létí odò, ó ń gbé èèyàn mì. Kí lo máa yà?"

Ó ronú díẹ̀. "Màá ya ajá tí inú ń bí."

"Òun ló yà yẹn."

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mi ò wo ara ẹranko, ohun tó ń ṣe ni mò ń wò. Ara lè jẹ́ ti ajá, ó lè jẹ́ ti ẹṣin, ayàwòrán kàn yá a lò ni, torí kò ní òmíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹranko ń ṣe, òun ni wọ́n sọ fún un. Bí mo ṣe dá ògòǹgò kan mọ̀ nìyẹn, tí wọ́n fún ní pátákò màlúù, tó fi àgógó ẹnu há irin. Àwọn ará àtijọ́ ló ní ó ń jẹ irin. Dókítà máa ń wo iṣẹ́ mi, wọ́n á ní "Ó dáa," wọ́n á kọjá. Ẹ ò mọ bí "ó dáa" Dókítà ṣe máa ń dùn mọ́ mi tó. Mo lè fi rìn láti Ring Road dé Agbowó láìwọ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sọ́ńdè le. Gbogbo ilé á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí á ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, èmi nìkan á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àwòrán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹranko yẹn kẹ́dùn. Erin kan wà tí imú rẹ̀ rí bíi fèrè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti màlúù. Erin ṣáà ni o. Kò mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ya òun nílùú tí òun ò dé rí. Èmi náà, àwọn tí kò dé Kétu rí ló ń sọ bí mo ṣe jẹ́ fún mi: pé gbogbo wa la mọ oògùn, pé Faransé la fi ń lá àlá. Ní Kétu ẹ̀wẹ̀, tí mo bá pè, wọ́n á ní ohùn mi ti di ti ará Nàìjíríà, pé mo ti ń pariwo. Níbo gan-an ni mo wá jẹ́ ọmọ ibẹ̀?

Ọjọ́ kan ṣá, mo ń ná ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà, mo ti yíjú padà bí ẹni tó fẹ́ lọ, oníẹ̀wà bá ké tẹ̀ lé mi: "Ẹ padà wá jàre! Ọmọ Ìbàdàn, ẹ̀yin ò ṣe é bá nájà!" Mo padà, mo ra ju èyí tí mo fẹ́ rà lọ. Inú mi dùn jù.

Gbogbo ẹranko ló ti lórúkọ tán, ó wá ku ọ̀kan. Ara ẹṣin ló ní, ṣùgbọ́n aláràbarà ni: pupa níbí, búlúù lọ́hùn-ún, àwọ̀ ewé nídìí. Ó dá dúró lẹ́bàá igi, ó ya ẹnu sílẹ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan sì wà níwájú ẹnu rẹ̀. Wọ́n ti gé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà kúrò lára awọ yẹn láti ayébáyé, àwọn tó ṣe ìwé ní Páríìsì fúnra wọn sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n. Dókítà ní ẹkùn ni. Wọn ò ṣàdédé sọ ọ́ o. Ẹkùn inú ìwé àtijọ́, aláràbarà ni, òórùn dídùn ló sì máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, tí àwọn ẹranko yòókù á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Dókítà ti fi ọwọ́ ara wọn kọ "ẹkùn" sábẹ́ àwòrán náà.

Èmi ni mo ń tún àwọn àwòrán yà fún ìwé wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ìlà ẹnu rẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹkùn kan ṣáà ti wà nínú ìwé awọ yìí kan náà, mo ti yà á, tí àwọn ẹranko tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìlà ti ẹkùn yẹn tín-ín-rín lẹ́nu, ó wá ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ síta. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀ níta, ó ń tín-ín-rín bọ̀ wá sẹ́nu. Kì í ṣe pé nǹkan ń jáde. Nǹkan ń wọlé! Ẹranko yìí ń jẹ afẹ́fẹ́!

Mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ohùn màmá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ló sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a rí agẹmọ lára ọgbà, mo bi wọ́n pé kí ló ń jẹ, wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ ni. Ṣé o ti rí i kó jẹ nǹkan mìíràn rí?" Lóòótọ́, mi ò rí i rí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ wa, sì mú gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. "Kòkòrò ló ń jẹ," wọ́n ní. "Ahọ́n ló ń nà mú un, ó yá jù fún ojú ìyá arúgbó." Ojú tì mí fún ìyá àgbà, mi ò sì tún sọ ọ́ mọ́.

Mo wá wo àwòrán: ara tí ń pàwọ̀ dà, igi, ẹnu tó yà, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Agẹmọ ni! Ẹni tó yà á gba irú ohun tí màmá àgbà mi gbà gbọ́. Dókítà ò lè rí i nítorí pé wọ́n mọ òtítọ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé kòkòrò ni agẹmọ ń jẹ, báwo ni yóò ṣe wá a nídìí afẹ́fẹ́?

Mo kúnlẹ̀ níwájú tábìlì Dókítà. "Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ já yín ní koro." Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Làmídì! Kí ni agẹmọ ń jẹ?"

"Afẹ́fẹ́, mà," Làmídì dáhùn láti yàrá fíìmù.

Wọ́n bi akọ̀wé tó ń tẹ tàìpù. "Afẹ́fẹ́ ni, mà." Wọ́n bi dírẹ́bà. "Ṣebí afẹ́fẹ́ náà ni wọ́n ní ó ń jẹ, mà." Ẹ̀rín sọ nínú ọ́fíìsì.

Dókítà padà jókòó. "Ìyá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," wọ́n ní jẹ́jẹ́. Mo ti fẹ́ dìde. "Ṣùgbọ́n ìyá mi kọ́ ló ya ìwé awọ àgùntàn. Ta ló sọ pé àwọn òyìnbó àtijọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀? Bá mi wá a nínú ìwé tiwọn. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni fíìmù ń lọ síbi ìtẹ̀wé. Tí o ò bá rí i, ẹkùn ni yóò wà níbẹ̀. Tí ẹnìkan bá sì wá já a ní koro lọ́jọ́ iwájú, tìrẹ náà ti bàjẹ́, torí o ti mọ̀, o ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀."

Mo wo gbogbo ìwé tó wà ní ọ́fíìsì, asán. Ibì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó kù. Díṣọ́nárì Faransé ńlá kan wà tó máa ń sọ ohun tí àwọn ará àtijọ́ gbà gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Orí tábìlì bàbá mi ní Kétu ló wà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ìparí oṣù ni, ọjọ́ tí bàbá mi máa ń dúró de ìpè mi ní pósítọ́fíìsì Kétu. Mo lọ sí ilé tẹlifóònù ní Dùgbẹ̀, mo tò, mo tò, títí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ní kí n wọ àpótí tẹlifóònù. Ìpè gba Kùtọnu kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ariwo bí òjò ló wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo díṣọ́nárì ńlá. Ẹ wo agẹmọ. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ní àwọn ará àtijọ́ gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń jẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ìyá mi lo tún gbé dé yìí?"

"Iṣẹ́ mi ló wà nídìí ẹ̀, bàbá."

"Báwo?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò lè parọ́ fún bàbá mi.

"Tó bá wà níbẹ̀, wọ́n á gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Tí kò bá sí níbẹ̀?"

"Màá padà wálé."

"Pè mí lẹ́yìn ọ̀sán," wọ́n ní, wọ́n gbé e sílẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Dùgbẹ̀. Mo ra ẹ̀pà, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé bàbá mi ti gun alùpùpù wọn lọ sílé, ìwé ti wà níwájú wọn báyìí, wọ́n sì dá nìkan wà pẹ̀lú ẹ̀. Kí ló ní kí wọ́n má sọ pé àwọn ò rí nǹkan kan? Ta ni yóò mọ̀? Èmi nìkan lọmọ tó kù fún wọn, ìyá mi ti kú. Mo jókòó síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí pé mò ń fura sí bàbá mi.

Lẹ́yìn ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù pè mí wọ àpótí.

"Ṣé bírò wà lọ́wọ́ ẹ?" bàbá mi ní.

"Ó wà lọ́wọ́ mi, bàbá."

"Kọ ọ́ dáadáa." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Faransé, bí ìgbà tí wọ́n ń pe àpèkọ fún wa ní kíláàsì, kómà ni o, àmì ìdánudúró ni o, wọn ò fo ọ̀kan. Ó wà níbẹ̀! Àwọn ará àtijọ́ gbà pé afẹ́fẹ́ nìkan ni agẹmọ fi ń ṣe oúnjẹ. Wọ́n sọ ojú ìwé tó wà, wọ́n sọ orúkọ ìwé náà.

"Ṣé kí n tún un pè?"

"Ẹ tún un pè, bàbá."

Wọ́n tún un pè. Lẹ́yìn náà ohùn wọn wálẹ̀. "Ìyá mi," wọ́n ní. "Ìyá mi tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Kò mà dá nìkan sọ ọ́."

Omi ti ń dà lójú mi nínú àpótí yẹn, àwọn tó tò síta ń kan gíláàsì pé kí n jáde.

"Ó dáa," bàbá mi ní. "Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná..."

"Àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ, bàbá," mo parí rẹ̀ fún wọn. Bí ìpè ṣe já nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Dókítà ka ìwé tí mo kọ, wọ́n tún un kà. "Níbo lo ti rí i?"

"Nínú díṣọ́nárì bàbá mi, mà. Àwọn ló kà á fún mi lórí fóònù."

"Bàbá ẹ tó ní kí o padà wálé?"

"Àwọn náà ni, mà."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé tí àwọn bá kà á, o ò ní padà ni?"

"Wọ́n mọ̀, mà. Mo sọ fún wọn kí wọ́n tó lọ wò ó."

Dókítà bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n mú bírò pupa, wọ́n fa ìlà lórí "ẹkùn" tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ, wọ́n kọ "agẹmọ" sí i gàdàgbà. "Lọ sọ fún Làmídì kó tún ojú ìwé yẹn yà," wọ́n ní. "Tó bá di ọ̀la, wá ká jọ sọ̀rọ̀ ìwé ẹyẹ." Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó pè mí padà. Ojú ìwé tí wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn tó ṣe ìwé sí ti wà níwájú wọn, orúkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n sì ti gbé ẹnu bírò sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ orúkọ mìíràn kún un.

"Kí lorúkọ bàbá ẹ?"

Mo gbé ojú sókè, mo sọ orúkọ bàbá mi fún Dókítà, mo sì pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí kan àmì orí rẹ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ.